Amọ̀ Kan, Iná Méjì: Àlàyé lórí Lílo Amọ̀ láti Yọ Fúlóráìdì àti Kòkòrò Àìfojúrí kúrò nínú Omi Abẹ́ Ilẹ̀

Ìfáàrà

Àwọn àgbà ní omi làbùwẹ̀, omi làbùmu, ẹnìkan kì í bá omi ṣọ̀tá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n omi tí a kò bá ṣọ̀tá yìí lè gbé ọ̀tá wọlé tọ̀ wá kí ojú wa má sì rí i. Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí ni bí amọ̀, tí àwọn ìyá wa fi ń mọ àmù, orù àti ìkòkò láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ṣe lè yọ èròjà fúlóráìdì àti kòkòrò àìfojúrí kúrò nínú omi abẹ́ ilẹ̀. A ó sì sọ ohun tí amọ̀ kò lè ṣe, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ewu wà fún àwa olùkọ́.

Ohun tí ó fa iṣẹ́ yìí kò ju ìbéèrè ọmọdé kan lọ. Ní àkókò kan, a lọ wo akẹ́kọ̀ọ́ wa kan tí ó ń ṣe iṣẹ́ ìdánrawò ìkọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Onípáànù, ní agbègbè Ṣómólú ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Iṣẹ́ ìkòkò mímọ ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ náà lọ́jọ́ náà. Ó gbé àmù kékeré kan síwájú kíláàsì, ó ka oríṣiríṣi ìkòkò tí ó wà nílẹ̀ Yorùbá àti ìlò wọn, ẹ̀kọ́ náà sì ń dùn. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí agogo lù, ó fi ohun tí ó kà níbì kan kún un, pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti rí i pé amọ̀ ń pa kòkòrò inú omi, ó sì ń yọ fúlóráìdì tí ó máa ń ba eyín jẹ́. Bí ó ti sọ èyí tán ni ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè. Ó ní: "Àǹtí, ṣé kí n sọ fún màmá mi pé kí wọ́n má se omi kànga wa mọ́? Àmù wà nílé wa."

Akẹ́kọ̀ọ́ wa wo ojú wa, àwa náà wo ojú rẹ̀. Ohun tí ó sọ kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ààbọ̀ òótọ́ ni. Bí ìyá ọmọ náà bá sì torí ààbọ̀ òótọ́ pa iná lábẹ́ omi rẹ̀, ọmọ náà ni yóò kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe jókòó láti wá ìdáhùn tí ó pé sí ìbéèrè yìí.

Omi Abẹ́ Ilẹ̀ ní Onípáànù

Ẹni tí ó bá ti ojú títì Ìkòròdú yà wọ Onípáànù, láàárín Fádéyì àti Palmgrove, yóò rí i pé ilé fara ti ilé, ṣọ́ọ̀bù fara ti ṣọ́ọ̀bù, tí ó fi já sí ọ̀nà àwọn atẹ̀wé Ṣómólú, títí dé apá Bàrígà tí ó kángun sí ọ̀sà. Omi ẹ̀rọ ìjọba kì í ṣe ohun tuntun ní Èkó: ọdún 1910 ni wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ omi Ìjù, ti Àdìyàn sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1991. Ṣùgbọ́n omi náà kò dé gbogbo ojúlé. Kànga, kànga ẹ̀rọ tí a ń pè ní bóòhóòlù, ọmọlanke mẹ́ruwà àti omi inú ọ̀rá tí gbogbo ayé ń pè ní píọ̀ wọ́tà ni púpọ̀ nínú àwọn ará àdúgbò gbójú lé. Yàtọ̀ sí omi òjò, ibi yòówù kí ẹ̀rọ ti fà á, omi abẹ́ ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Àwọn elétò ìlera gbà pé ó yẹ kí àlàfo tó tó 30 mítà wà láàárín kànga àti ṣaláńgá. Èyí jẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 98. Ilẹ̀ pulọ́ọ̀tì kan ní Èkó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú àti 120 ní òró. Bí onílé bá gbẹ́ kànga sí iwájú pátápátá, tí ó sì gbẹ́ ṣaláńgá tàbí sókàwéè sí ẹ̀yìn pátápátá, agbára káká ni yóò fi rí àlàfo náà, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ni kò ju ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì lọ. Kí a tilẹ̀ ní ó rí i, ṣaláńgá aládùúgbò rẹ̀ wà lẹ́yìn ògiri, kò sì sí ògiri lábẹ́ ilẹ̀. Yanrìn ni ilẹ̀ náà, omi kò jìn sí òkè, ohun tí ó bá jò nínú kòtò kan yóò wá ọ̀nà dé inú kànga kejì.

Kòkòrò tí a ń sọ yìí ni ó ń fa onígbáméjì, ibà jẹ̀funjẹ̀fun àti ìgbẹ́ gbuuru. Ní oṣù Òkúdù ọdún 2024, onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ó sì mú ẹ̀mí lọ. Òdiwọ̀n omi mímu tí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà gbé jáde ní 2007 sọ pé nínú mìlílítà 100 omi mímu, kò gbọ́dọ̀ sí ẹyọ kòkòrò E. coli kan ṣoṣo, nítorí pé inú ìgbẹ́ ènìyàn tàbí ẹran ni kòkòrò yìí ti ń wá. Bí a bá rí i nínú omi, a ti mọ ibi tí omi náà gbà kọjá nìyẹn.

Fúlóráìdì àti Ibi tí Ó ti ń Wá

Fúlóráìdì kì í ṣe májèlé ní gbogbo ìgbà. Bí ó bá jẹ́ ìwọ̀nba, ó máa ń ran eyín lọ́wọ́ kí ó má tètè jẹrà, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi í sínú ọṣẹ ìfọyín. Bí ó bá pọ̀ jù ni ó di wàhálà. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi òdiwọ̀n rẹ̀ sí mílígíráàmù 1.5 nínú lítà omi kan, òdiwọ̀n ti Nàìjíríà kò sì yàtọ̀ sí èyí. Ọmọ tí ó bá ń mu omi tí fúlóráìdì rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ìgbà pípẹ́, nígbà tí eyín àgbà rẹ̀ ṣì ń dàgbà nínú erìgì, lè hu eyín tí ó ní àbàwọ́n funfun bí ẹfun tàbí àwọ̀ bí obì tí a jẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Orín kò lè fọ̀ ọ́ kúrò. Bí fúlóráìdì bá pọ̀ gan-an fún ọ̀pọ̀ ọdún, yóò kọjá eyín dé egungun, oríkèé á wá le, ẹ̀yìn á sì tẹ̀.

Inú àpáta ni fúlóráìdì ti ń wá, pàápàá irú àwọn òkúta líle bíi gíránáítì àti èyí tí òkè oníná pọ̀ jáde. Omi tí ó bá pẹ́ nínú irú àpáta bẹ́ẹ̀ á máa yọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà ni àwọn ará Àfonífojì Ńlá Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ní Ethiopia, Kenya àti Tanzania, fi ń jìyà rẹ̀. Ó wà ní Bongo ní ìhà àríwá Ghana. Ní Nàìjíríà níhìn-ín, ibi tí a ti mọ̀ ọ́n jù ni Langtang ní Ìpínlẹ̀ Plateau àti Kaltungo ní Ìpínlẹ̀ Gombe.

Èkó kò jókòó lórí irú àpáta bẹ́ẹ̀. Yanrìn àti amọ̀ tí omi kó jọ láti ayébáyé ni ilẹ̀ rẹ̀. Fúlóráìdì kọ́ ni ó ń yọ omi kànga Onípáànù lẹ́nu, kòkòrò ni. Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ ọmọ Onípáànù láti máa bẹ̀rù fúlóráìdì kí ó tó bẹ̀rù ṣaláńgá dà bí ẹni tí ó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé nígbà tí olè ti wà ní pálọ̀. Èyí tí ó tún burú níbẹ̀ ni pé ọmọ náà yóò wo eyín ara rẹ̀ nínú dígí, yóò rí i pé funfun báláú ni, yóò sì gbà pé omi wọn dára. A kò torí èyí sọ pé kí a má kọ́ wọn nípa fúlóráìdì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kò ní máa kọ́ni ní Èkó nìkan, ibi tí iṣẹ́ lè gbé ẹni lọ kò sì lópin. Ṣùgbọ́n kí á kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀tá méjèèjì, nítorí pé ohun ìjà tí a ń lò sí wọn kò jọra.

Asẹ́ àti Aró

Ẹni tí ó bá ti sẹ́ ògì rí ti mọ ìdajì ẹ̀kọ́ yìí kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí a bá da àgbàdo lílọ̀ sínú aṣọ asẹ́, èérí á dúró sókè, ògì á sì bá omi kọjá sísàlẹ̀. Ìdí ni pé ojú ihò aṣọ náà kéré sí èérí, ó sì tóbi ju ògì lọ. Àwọn ìyá wa ní ajere pẹ̀lú, ìkòkò olójú púpọ̀, tí ohun gidi á dúró nínú rẹ̀ tí omi á jò. Bí amọ̀ ṣe ń bá kòkòrò jà nìyí ní pàtàkì: ó ń ṣe asẹ́ fún un. Kòkòrò E. coli kéré débi pé bí a bá to 500 wọn ní òòró tẹ̀lé ara wọn, gbogbo wọn kò ju mìlímítà kan lọ. Síbẹ̀ ihò inú amọ̀ lè kéré jù ú lọ.

Ẹ wá jẹ́ kí a da iyọ̀ sínú omi ògì yẹn kí a tó sẹ́ ẹ. Iyọ̀ ti yọ́, yóò bá omi lọ, kò sì sí aṣọ tí ó nípọn tó láti dá a dúró. Bí fúlóráìdì ṣe rí nìyẹn. Ó ti yọ́ pátápátá nínú omi, ẹyọ rẹ̀ kan sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta tí yóò tò kí ó tó di mìlímítà kan. Asẹ́ kò ràn án. Ìdí nìyí tí omi sísè pàápàá kò fi ràn án. Omi tí a bá sè yóò pa kòkòrò, ṣùgbọ́n fúlóráìdì kì í bá ooru lọ. Bí omi bá ṣe ń gbẹ lórí iná ni fúlóráìdì inú èyí tí ó kù yóò máa le sí i.

Àfiwé tí ó bá ti fúlóráìdì mu ni aró. Bí a bá ri aṣọ funfun sínú ìkòkò aró, aṣọ kò sẹ́ aró náà. Ńṣe ni aró kúrò nínú omi tí ó sì lẹ̀ mọ́ okùn òwú. Bí amọ̀ ṣe lè yọ fúlóráìdì nìyí: amọ̀ ni aṣọ, fúlóráìdì ni aró. A dábàá pé kí á máa pe iṣẹ́ àkọ́kọ́ ní *sísẹ́*, kí á sì máa pe ìkejì ní *ìlẹ̀mọ́*, kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà da méjèèjì pọ̀ mọ́ 'fífọ omi mọ́'. Ìlẹ̀mọ́ ní ààlà. Aṣọ tí ó bá ti mu aró yó kò lè mu sí i mọ́, amọ̀ náà sì lè yó. Nígbà tí ó bá yó, fúlóráìdì yóò máa kọjá, omi náà kò sì ní yí àwọ̀ padà tàbí kí ó yí adùn padà láti kìlọ̀ fún ẹni tí ń mu ún.

Ìṣòro kan tún wà. Ojú amọ̀ ní irú agbára mànàmáná kan tí àwọn onímọ̀ ń fi àmì àyọkúrò sàmì sí, irú agbára yìí kan náà ni fúlóráìdì ní, òun náà sì ni ó pọ̀ jù lójú ara ọ̀pọ̀ kòkòrò. Àgbò méjì kì í mu omi nínú koto kan. Bí irú agbára kan náà bá pàdé, wọn á máa ti ara wọn sẹ́yìn. Nítorí náà, amọ̀ tí a kàn wà láti odò tí a sì dà sínú omi kò lè mú púpọ̀. A ní láti fi ohun tí ó ní àmì àròpọ̀ bò ó lójú, bí alumíníọ̀mù tàbí irin, kí ó tó lè fa fúlóráìdì mọ́ra dáadáa. Ohun tí àwọn olùwádìí Yunifásítì Venda ní ẹkùn Limpopo ní South Africa ti ń ṣe nìyí, níbi tí fúlóráìdì pọ̀ nínú omi àwọn abúlé kan: amọ̀ àdúgbò wọn ni wọ́n ń fi irú èròjà bẹ́ẹ̀ kùn. Ẹni tí ó bá mọ álọ́ọ̀mù tí àwọn ará Èkó ń jù sínú dúrọ́ọ̀mù kí omi lè tòrò ti mọ ẹbí alumíníọ̀mù yìí. Álọ́ọ̀mù ń kó ìdọ̀tí jọ lọ sísàlẹ̀, ó sì lè kó nínú kòkòrò lọ pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n omi tí ó tòrò kò túmọ̀ sí omi tí kòkòrò kò sí nínú rẹ̀.

Àmù Tí Ó Ń Làágùn

Báyìí a padà sí àmù ọmọbìnrin Onípáànù. Gbogbo ẹni tí ó bá ti gbé pẹ̀lú àmù mọ̀ pé ara rẹ̀ máa ń làágùn. Omi ń gba inú ihò tín-ín-tìn-ìn-tín ara amọ̀ jáde, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ, omi inú rẹ̀ sì ń tutù. Ẹ̀rí nìyí pé amọ̀ lè sẹ́ omi. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ibi tí omi tí ó sẹ́ náà wà. Ara àmù níta ni. Èyí tí a ń fi igbá tàbí ife bù mu láti inú rẹ̀ kò gba inú amọ̀ kọjá rárá. Kòkòrò tí ó bá omi wọ inú àmù ṣì wà níbẹ̀, ọwọ́ tí a kò fọ̀ tí ó ń bu omi náà sì lè máa fi kún un. Bí àwọn ọ̀rọ̀ kan ti lè dùn tó nípa ọgbọ́n àwọn baba ńlá wa, àmù kò sẹ́ omi tí a ń mu, títù ni ó ń mú un tù.

Ohun tí ó kù ni kí á da ọ̀rọ̀ náà kọ: kí a bu omi sínú ìkòkò, kí a jẹ́ kí ó làágùn, kí á sì gbe òógùn náà mu. Ohun tí Fernando Mazariegos, ọmọ ilẹ̀ Guatemala, ṣe ní 1981 nìyẹn. Ó po amọ̀ pọ̀ mọ́ lẹ́búlẹ́bú pákó tí ayùn sọ kalẹ̀. Àwọn mìíràn ń lo èèpo ìrẹsì tí a gún. Nígbà tí wọ́n bá sun ìkòkò náà nínú ẹbu, pákó inú rẹ̀ á jóná, ihò tí ó fi sílẹ̀ á wá di ọ̀nà omi. Wọ́n á fi omi fàdákà kùn ún, nítorí pé fàdákà ń pa kòkòrò. Wọ́n á gbé ìkòkò náà kọ́ ẹnu ike tí ó ní ẹnu ẹ̀rọ nísàlẹ̀. Omi ń kán láti inú rẹ̀ ní ìwọ̀n lítà kan sí méjì ààbọ̀ láàárín wákàtí kan. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2007 láti ilẹ̀ Cambodia fi hàn pé ìgbẹ́ gbuuru dín kù ní ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn tí wọ́n ń lò ó sí àwọn tí kò lò ó. Ìwádìí náà tún sọ ohun tí gbogbo amọ̀kòkò mọ̀: ìkòkò ń fọ́. Lóṣooṣù, bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ìdílé náà ni ó ń ṣíwọ́ lílò rẹ̀, fífọ́ ni ó sì fa èyí tí ó pọ̀ jù níbẹ̀.

Ẹni tí ó gbé iṣẹ́ yìí kiri àgbáyé jù ni Ron Rivera, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ń bá ẹgbẹ́ Potters for Peace ṣiṣẹ́ ní Nicaragua. Ní 2008, ó wá sí Nàìjíríà láti bá wọn dá irú ilé-iṣẹ́ ìkòkò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ibà tí ẹ̀fọn fi ń gún ni mú un níhìn-ín, ó sì kú ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún náà lẹ́yìn tí ó padà sí Nicaragua. A ò mọ bí ó ti rí lójú àwọn ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n a kì í lè ka ìtàn yìí kí ara wa má bù máṣọ. Ilẹ̀ wa kún fún amọ̀kòkò: Ìsàn-Èkìtì wà níbẹ̀, Ìpetumodù wà níbẹ̀, Dádà ní Ìlọrin wà níbẹ̀. Síbẹ̀ ó di kí àlejò rìn wá kí á tó ronú láti ṣe ìkòkò asẹ́mi.

Kí a má ṣe gbàgbé ibi tí agbára ìkòkò yìí pin sí. Kòkòrò tí ó kéré jù lọ, èyí tí a ń pè ní fáírọ́ọ̀sì, lè jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún E. coli ní títóbi, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì lè gba inú ihò náà kọjá. Fúlóráìdì ńkọ́? Ìkòkò asẹ́mi yìí kò mú un dáadáa. Ìdí rẹ̀ wà nínú iná.

Iná Méjì

Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe gbóná tó? Ìkòkò asẹ́mi tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè máa ń fẹ́ iná tí ó tó digíríì 850 sí 900 kí ó lè gbó, kí ó má yọ́ padà sínú omi, kí ó sì lágbára. Ní 1994, Hauge àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nípa ìkòkò amọ̀ àti fúlóráìdì. Wọ́n sun ìkòkò ní oríṣiríṣi ìwọ̀n iná, wọ́n sì wo èyí tí ó mú fúlóráìdì jù. Èyí tí wọ́n sun ní digíríì 600 ni ó gba ipò kìíní. Láti 700 lọ sókè ni agbára rẹ̀ ti ń dín kù, nígbà tí ó sì fi máa dé 900, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mú nǹkan kan mọ́. Èyí tí wọ́n sun ní 500 tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ó ń sán.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ fi rí báyìí kò ṣòro. Nígbà tí amọ̀ bá jóná dé ìwọ̀n kan, omi tí ó so mọ́ inú rẹ̀ á jáde, àgbékalẹ̀ rẹ̀ á tú, alumíníọ̀mù inú rẹ̀ á sì fara hàn síta, ó ṣe tán láti di fúlóráìdì mú. Bí iná bá wá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, amọ̀ á tún ara rẹ̀ tò, á dì, ọwọ́ tí ó nà síta á ká padà. Ohun tí ó dára fún asẹ́ kò dára fún ìlẹ̀mọ́. Iná tí amọ̀kòkò yóò fi lé kòkòrò ni ó ń gba agbára fúlóráìdì lọ́wọ́ ìkòkò náà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ fún ọ pé ìkòkò amọ̀ lásán ṣe méjèèjì pa pọ̀, bi í léèrè ìwọ̀n iná tí wọ́n fi sun ún.

Ní Sri Lanka, wọ́n lo òye yìí lọ́nà tí ó rọrùn: bíríkì tí a fọ́ sí wẹ́wẹ́ ni wọ́n kó sínú kọ́ọ̀bù kí omi gba àárín rẹ̀ kọjá kí ó sì bọ́ lọ́wọ́ fúlóráìdì. Bíríkì náà ń yó, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ rẹ̀.

Amọ̀ àti Àwọn Alábàáṣe Rẹ̀

Bí iná kò bá lè sin ọ̀gá méjì, a lè wá ohun mìíràn po mọ́ amọ̀. Ní 2013, Ismaiel Yakub àti Winston Soboyejo, ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ Nàìjíríà tí ó wà ní Yunifásítì Princeton nígbà náà, tẹ iṣẹ́ kan jáde nípa amọ̀ tí wọ́n po pọ̀ mọ́ hydroxyapatite kí wọ́n tó sun ún. Èròjà yìí ni ó pọ̀ jù nínú egungun àti eyín wa. Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀: fúlóráìdì fẹ́ràn egungun, ohun tí ó fi ń ba ara jẹ́ gan-an nìyẹn. Wọ́n wá fún un ní egungun níta, nínú ìkòkò, kí ó lẹ̀ mọ́ ọn kí ó tó dé ti ènìyàn. Irú òye yìí kan náà ni ó wà nídìí èédú egungun màlúù tí wọ́n ti lò ní Kenya àti Tanzania fún ọdún púpọ̀.

Nítòsí wa, ní Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Ọ̀jọ̀gbọ́n Emmanuel Unuabonah ti ṣiṣẹ́ lórí amọ̀ funfun tí a ń pè ní kaolin, tí ó jẹ́ ìbátan ẹfun. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, títí kan àwọn ará Yunifásítì Potsdam ní Jámánì, po amọ̀ yìí pọ̀ mọ́ kóró ìbẹ́pẹ. Iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013 kò dá lé fúlóráìdì, àwọn irin olóró ni ó dá lé. Nínú omi tí wọ́n fi mílígíráàmù kọ̀ọ̀kan kádímíọ̀mù, níkẹ̀ẹ̀lì àti òjé sí nínú lítà kan, ohun tí ó kù lẹ́yìn tí ó gba inú amọ̀ náà kọjá kò ju ìdá ẹgbẹ̀rún 4 mílígíráàmù fún kádímíọ̀mù, 7 fún níkẹ̀ẹ̀lì, àti 20 fún òjé. Wọ́n ní méjì àkọ́kọ́ bá òdiwọ̀n Àjọ Ìlera Àgbáyé mu, ṣùgbọ́n ti òjé kò bá a mu. A fẹ́ràn bí wọ́n ti sọ èyí láì fi bò.

Ní 2017, wọ́n tún tẹ òmíràn jáde tí ó kan kòkòrò gan-an. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n fi chitosan kún amọ̀ oníbẹ́pẹ náà. Láti inú èèpo akàn àti edé ni a ti ń rí chitosan, ó sì ní àmì àròpọ̀ tí ó lè fa kòkòrò mọ́ra. Ó mú kòkòrò onígbáméjì, ó mú E. coli, ó sì mú ti ibà jẹ̀funjẹ̀fun, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní ìṣẹ́jú akàn. Ó tó wákàtí 2 kí ó tó mú ti onígbáméjì dé góńgó, wákàtí 3 fún E. coli, àti wákàtí 4 ààbọ̀ fún ti ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Onípáànù kò ṣàìní ohun èlò wọ̀nyí: àwọn oníbẹ́pẹ ń da kóró nù lẹ́bàá títì, èèpo edé àti akàn kì í sì í jìnnà sí etí ọ̀sà Bàrígà. Ohun tí ó kù ni ọ̀nà láti inú yàrá ìwádìí dé inú ilé ìdáná, ọ̀nà náà kò sì kúrú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gún kóró ìbẹ́pẹ mọ́ amọ̀ nílé kí ó sì pè é ní oògùn omi. Inú ìgò àyẹ̀wò ni àwọn onímọ̀ wọ̀nyí ti wọn iṣẹ́ wọn, oníṣirò ni wọ́n.

Nínú Kíláàsì

Ọ̀rọ̀ tí a ń lò pàápàá ń fa àṣìṣe. Bí olùkọ́ bá sọ fún ọmọ ọdún mẹ́jọ pé kòkòrò wà nínú omi, ohun tí ọmọ náà mọ̀ ní kòkòrò ni aáyán, eèrà àti tanwíjí. Yóò yọjú wo inú garawa, kò ní rí nǹkan kan, yóò sì gbà pé omi náà mọ́. Ẹ jẹ́ kí á máa pè é ní kòkòrò àìfojúrí ní gbogbo ìgbà, bí ó tilẹ̀ gùn lẹ́nu.

Akẹ́kọ̀ọ́ wa padà sí kíláàsì yẹn lọ́sẹ̀ kejì pẹ̀lú ògì tí a kò tíì sẹ́, aṣọ asẹ́ àti iyọ̀. Ó da iyọ̀ sí i, ó sẹ́ ẹ lójú gbogbo wọn, ó sì ní kí àwọn ọmọ méjì tọ́ omi orí rẹ̀ wò. Iyọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí wọ́n fi ọwọ́ kan ara àmù níta. Ó bi wọ́n pé: "Èwo ni amọ̀ sẹ́ nínú omi yìí, èyí tí ó wà nínú àmù ni, tàbí èyí tí ó wà lọ́wọ́ yín?" Ariwo sọ. Ọmọbìnrin ọjọ́ kìíní ni ó kọ́kọ́ dáhùn. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tí ó tutù, ó ní: "Èyí tí ó wà lọ́wọ́ mi ni, mà. Màmá mi á ṣì máa se tiwa."

Àmù náà wà níwájú kíláàsì títí sáà fi parí. Wọ́n fi ọmọrí dé e, wọ́n so ife onímú gígùn kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, omi tí wọ́n sì ń dà sínú rẹ̀ láràárọ̀ jẹ́ omi tí a ti sè láti alẹ́ àná.